Olóòtú, ẹ fàyè sílẹ̀ fáwọn tó ń wá ẹbí wọn

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Àgbádárìgì ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Àwọn èèyàn máa ń wọkọ̀ ojú omi wá sí Gbẹ̀rẹfú wá wo ibi tí wọ́n gbà kó ẹrú lọ, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ, èmi ṣá, àwọn tó ṣẹ́kù sílé ni mo máa ń rò, ìyá tí ò mọ̀ bóyá kóun sunkún ọmọ ni àbí kóun ṣì máa retí ẹ̀. Ẹ wo Àjàyí Crowther, 1821 logun kó o ní Òṣoògùn tòun ti ìyá ẹ̀, wọ́n yà wọ́n síra, 1845 ló gba Àgbádárìgì níbí wọlé padà, 1846 ló tó rí ìyá ẹ̀ l'Abẹ́òkúta. Ọdún 25! Òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ pé ńṣe làwọn kàn ń wo ara àwọn, ọ̀rọ̀ ò jáde. Tiẹ̀ ṣì dáa o, ọ̀pọ̀ ò ríra mọ́ láéláé.

Ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ báyìí náà. Ọmọbìnrin 276 ni wọ́n kó ní Chibok lọ́dún 2014, àwọn òbí kan ṣì ń retí. Sudan náà ńkọ́, látọdún 2023 tógun ti bẹ̀rẹ̀, tọkọtaya ń sá gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kẹ́ ẹ fún wa ní igun kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yín, káwọn tógun lé kúrò nílé tí wọ́n wà lágbègbè wa lè máa fi wá èèyàn wọn. Red Cross náà máa ń báni wá ẹbí lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ò mọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa kọ ọ́ síbẹ̀.

Òǹkàwé yín, Àgbádárìgì.