Àdùkẹ́, nítorí orúnkún Màámi

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù Manchester ò tíì sọ ẹ́ di ẹja inú yìnyín? Àwa náà ń bẹ. Ọyẹ́ ti dé síbí, ètè gbogbo wa ti bó.

Ike oògùn tó o fi rán sí Màámi dé ọwọ́ wa. Orí firíìjì ni wọ́n gbé e sí, níbi tí ojú ẹni tó bá wọlé máa kọ́kọ́ bà lé. Ó ku díẹ̀ kí gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì rí i tán. "Àdùkẹ́ ló fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó o." O ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi fóònù sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, torí Màámi máa ń dá sí ọ̀rọ̀ orí fóònù mi láti ilé ìdáná.

Ká sọ tòótọ́, mi ò retí nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ ike yẹn. Glucosamine ni wọ́n kọ sí i lára. Wọ́n ti dán an wò ní Amẹ́ríkà lára èèyàn 1,583 tí orúnkún ń dùn, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Tá a bá kó gbogbo wọn pọ̀, àwọn tó lo glucosamine ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju àwọn tí wọ́n fún ní oògùn òfìfo, tí kò ní nǹkan kan nínú, lọ. Má bínú. Ká ní èmi ni mo wà lọ́hùn-ún, èmi náà á rà á.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò gan-an ni ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìgbéyàwó kan ní Sábó lóṣù tó kọjá. O mọ bí Màámi ṣe ń kúnlẹ̀. Ọmọ ilé ọkọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ kan péré ṣáájú kí wọ́n tó wọlé ọkọ, wọn á kúnlẹ̀ kí i. Lọ́jọ́ náà, wọ́n dé iwájú àgbà ilé ọkọ wọn kan, wọ́n di etí tábìlì mú, wọ́n tẹ̀ díẹ̀, orúnkún kọ̀. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Ìyàwó wa mà ti dọ̀gá." Nínú kẹ̀kẹ́ márúwá tá a wọ̀ padà sílé, wọn ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tá a kù díẹ̀ ká délé ni wọ́n bi mí pé, "Ìwọ tó ò ń wọ aṣọ funfun lọ sí láàbù lójoojúmọ́, kí ló ń jẹ mí lórúnkún?"

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹnu mi ò kàn gbà á ni. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ fún ìyá ẹ̀ pé ara wọn fúnra rẹ̀ ló ń jẹ orúnkún náà?

Jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ láti odò ẹran. Ní gbogbo Túsìdeè, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo máa ń lọ ra ẹsẹ̀ màlúù níbẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì LAUTECH. Oríkèé rẹ̀ nìkan ni mo nílò, ṣùgbọ́n bàbá alápatà tó ń tà fún mi ò gbà. Lójú tiwọn, mò ń se bọ́kọ̀tọ́ tà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. "Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́kọ̀tọ́" ni wọ́n ń pè mí. (Ìyókù ẹsẹ̀ náà kì í kúkú ṣòfò.) Tó o bá la oríkèé yẹn, wàá rí nǹkan funfun kan tó bo orí eegun, tó ń dán bí àwo tánńganran. Ìbátan bísíkíìtì boonu tá a máa ń jà sí nídìí ìkòkò ni. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, kò sì ní iṣan tó ń gbé ìrora. Ìyẹn ló fi lè máa jẹ fún ọdún mélòó kan láìké. Eegun abẹ́ rẹ̀ àti awọ tó yí oríkèé ká ló máa padà ké.

Gàrí ni mo fi ṣàlàyé fún Màámi, torí gàrí ni wọ́n ti ń yan láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo ní: ẹ mú àpò àwọ̀n, ẹ rọ gàrí sí i, ẹ so ó lẹ́nu, ẹ rì í sómi. Gàrí á fẹ́ wú, àwọ̀n ò ní jẹ́ kó wú tán, àpò yẹn á wá le gbagidi débi téèyàn lè jókòó lé e. Bí nǹkan funfun yẹn ṣe ń gbé wa ró nìyẹn. Àwọ̀n ni kọ́lájììnì, purotéènì tó rí bí okùn líle. Gàrí ni aggrecan, purotéènì kan tí ṣúgà pọ̀ lára rẹ̀, tí òùngbẹ ń gbẹ ṣáá. Tí gàrí bá jò, àpò á rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè rọ òmíràn sí i. Tí àwọ̀n bá ya ńkọ́?

Màámi ní, "Ta ní í rọ gàrí sínú àpò yíya?"

Àdùkẹ́, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ṣé o rántí bí ìyá rẹ ṣe máa ń fi ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n se ẹran tó bá gbó jù lọ́jọ́ Kérésì? Oje ìbẹ́pẹ yẹn ní ẹ́ńsáìmù kan, ohun tó ń gé purotéènì wẹ́wẹ́, tó ń jẹ́ papain. Òun ni mo fi ń yọ́ nǹkan funfun yẹn ní láàbù, kí n tó da aró búlúù kan sí i. Tí ṣúgà inú aggrecan bá wà níbẹ̀, aró náà á di elésè àlùkò. (Lọ́sẹ̀ tó kọjá iná lọ lágbedeméjì iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ di omi ọbẹ̀. Jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Ní 1956, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Lewis Thomas, kọ̀wé nípa àwọn ehoro tó gún lábẹ́rẹ́ papain. Etí wọn tó dúró ṣánṣán sọ̀ wálẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, etí tún dìde. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn ju gbogbo ohun tí mo ti kà lórí iṣẹ́ yìí lọ. Gàrí jò, àwọ̀n ò ya, sẹ́ẹ̀lì rọ òmíràn sí i.

Ní orúnkún tiwa, ìbẹ́pẹ kọ́ ló ń ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé inú nǹkan funfun yẹn, tó ń tún un ṣe, òun náà ló ń rọ ọ̀bẹ, ìyẹn àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń gé e. Nínú àwọn ọ̀bẹ tó ń gé aggrecan, ADAMTS-5 lorúkọ rẹ̀ ròkè jù; èyí tí wọ́n bẹ̀rù jù fún kọ́lájììnì ni MMP-13. Síǹkì ló wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, láìsí i wọn ò lè gé nǹkan kan. Ara tún ń ṣe àkọ̀ fún wọn, tí wọ́n ń pè ní TIMP. Tí oríkèé bá ti fara pa rí, tàbí tí ẹrù ń pọ̀ jù fún un, tàbí tí ọjọ́ orí dé, ọ̀bẹ á pọ̀ ju àkọ̀ lọ.

Ọ̀bẹ yìí kì í kúkú ṣe ọ̀tá. Ara ìrù ọmọ àkèré ni Jerome Gross àti Charles Lapiere ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ ní 1962. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ìrù yẹn ń gbà lọ nígbà tó bá di àkèré. Kò já bọ́. Ara ẹ̀ ló ń gé e wẹ́wẹ́ títí á fi tán. Àwa náà ń lò ó kí egbò lè jinná, kí eegun ọmọ lè gùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n fún àwọn alárùn jẹjẹrẹ ní oògùn tó ń dí ẹnu ọ̀pọ̀ lára ọ̀bẹ wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan náà, irú marimastat, èjìká àti oríkèé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, ó ń gan.

Àwọn olùwádìí bá ní àwọn á dojú kọ ọ̀bẹ ẹyọ kan. Ní 2005, ìwádìí méjì jáde nínú ìwé ìròyìn kan náà, ọ̀kan láti Ọsirélíà, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà: eku tí kò ní ADAMTS-5 tó ń ṣiṣẹ́, nǹkan funfun oríkèé rẹ̀ ò jẹ bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Inú gbogbo ayé dùn. Wọ́n ṣe oògùn kan, GLPG1972, tó mú kí àjákù aggrecan dínkù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Wọ́n wá fún àwọn aláìsàn lò fún ọ̀sẹ̀ 52. Àwọn tí wọ́n dán an wò lára wọn jẹ́ 932, ní orílẹ̀-èdè 12. Ní October 2020 àbájáde dé: nǹkan funfun orúnkún àwọn tó lo oògùn ń tín-ín-rín lọ bíi tàwọn tí kò lò ó.

Ọ̀gá mi ní ọdún kan kéré. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tèmi ni pé gàrí ni wọ́n ń ṣọ́ nígbà tí àwọ̀n ti ya. Eku yẹn, kí wọ́n tó bí i ni ọ̀bẹ ti kúrò lára rẹ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún, ọ̀bẹ ti ń gé e bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́ kí oògùn tó bá a. Àwọ̀n yẹn sì kì í tètè pààrọ̀ ara rẹ̀. Ó lé ní 100 ọdún kí ìdajì kọ́lájììnì ibẹ̀ tó di tuntun. Èyí tí Màámi fi ṣe ọmọge ni wọ́n ṣì fi ń rìn.

Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ níkẹyìn. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń ku gàrí. Wọ́n ní, "Tí àpò bá ti ń ya, ẹrù làá dínkù." Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ tí dókítà ti ń sọ láti ọdún méjì, tí wọn ò gbọ́, àwọn fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́! A ti fi búlọ́ọ̀kù gbé ààrò sókè, káfíńtà sì ń kan àga gíga tó máa rọ́pò àpótí kékeré yẹn. Àgbo inú ìgò tí wọ́n ń rà ní gáréèjì, mo ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Ojú wọn ti ń wú, irú wíwú tí oògùn líle tí wọ́n bá bù sínú àgbo máa ń fà.

Ohun tó kù ni mo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n kọ́ wọn láti jókòó sórí àga, kí wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú, kí wọ́n gbé e dúró kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́, kí iṣan itan lè bá orúnkún gbé lára ẹrù. Ìgbà tí mo bá ń wò wọ́n nìkan ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n ń sọ fáwọn èèyàn pé mò ń fìyà jẹ àwọn. Pè wọ́n ní Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. Má dárúkọ ẹ́ńsáìmù kankan. Sọ pé bẹ́ẹ̀ làwọn ìyá arúgbó tó ò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ rẹ ń ṣe láràárọ̀. Tìrẹ ni wọ́n á gbọ́.

Má sì fi ike mìíràn ránṣẹ́. Mo ka oògùn inú èyí tó wà nílẹ̀ lánàá, ẹyọ méjì péré ló ti dínkù. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní tí àwọn bá lò ó tán, kí làwọn fẹ́ máa fi han àlejò?

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀ní