Àjọkẹ́, kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn

Leeds

Àjọkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti wọlé? Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àti èyí tí o ti ń bú mi pé ìlú òyìnbó ti yí mi lórí. Kò yí mi lórí o. Ọ̀rọ̀ kan ló há mi lọ́fun, mi ò sì lè sọ ọ́ lórí fóònù. Tí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni màá bú sí, ìwọ náà á gbè é, dátà wa á tán sórí ẹkún.

Wọ́n pè mí lẹ́jọ́. Kì í ṣe ti ọlọ́pàá, sinmi ariwo. NMC ni, àjọ tí gbogbo nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn níbí. Lóṣù tó ń bọ̀, màá lọ jókòó níwájú ìgbìmọ̀ wọn ní Stratford, ní London. Ènìyàn 3 ni wọ́n, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì rárá, ó lè má mọ orí tẹmómítà yàtọ̀ sí ìdí ẹ̀.

Iṣẹ́ òru ni. Bàbá kan ní wọ́ọ̀dù wa ń mí gúlegúle, ìfúnpá ẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Máàkì kan wà tí a fi ń díwọ̀n bí ara aláìsàn ṣe rí níbí, NEWS2. Tó bá ti pé 5, dókítà gbọ́dọ̀ tètè gbọ́. Ti bàbá yìí jẹ́ 6. Mo pe dókítà, ó pè mí padà, ó ní òun ń bọ̀. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, a ò rí i. Nígbà tí mo tún fi pè é tó sì wá dé, ọ̀rọ̀ ti di ti ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Bàbá náà yè, a dúpẹ́, ìyàwó ẹ̀ tilẹ̀ gbé ṣokoléètì wá fún wa. Dókítà ní tirẹ̀ ní aago márùn-ún ni òun tó gbọ́ ìpè kankan. Ẹ̀sùn tí wọ́n wá fi kàn mí ni pé mi ò tètè ké sí i, àti pé irọ́ ni aago mẹ́ta tí mo kọ sínú fáìlì. Irọ́ o, Àjọkẹ́! Èmi tí ẹ ń pè ní Àǹtí Òtítọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì torí pé mi ò bá yín dáhùn orúkọ ẹni tí kò wá sí kíláàsì.

Irọ́ yẹn gan-an ló ń gba oorun lójú mi. Wọ́n lè kìlọ̀ fún èèyàn, kí ìkìlọ̀ náà lẹ̀ mọ́ orúkọ ẹ̀ fún ọdún 1 sí 5. Wọ́n lè dá a dúró títí dé ọdún kan. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní o purọ́, ìgbà yẹn ni wọ́n sábà máa ń ronú àtiyọ orúkọ kúrò pátápátá, ọdún 5 á sì pé kí o tó lè ní kí wọ́n dá a padà. Ọdún 5! Màá ti máa din àkàrà ní ẹ̀bá ọ̀nà Leeds.

Lọ́yà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa gbà fún mi béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó fóònù ọsibítù. Ó dé. Ìlà kan péré ni, kò gùn ju ìka mi lọ: 03:12, nọ́ńbà wọ́ọ̀dù wa, nọ́ńbà bleep dókítà, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń pè é. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ṣùgbọ́n ìlà yẹn ò sọ ọwọ́ ta ló tẹ fóònù, kò sì sọ bóyá dókítà pè padà. Nọ́ọ̀sì méjì tá a jọ wà níbẹ̀, ọ̀kan ti kó lọ sí Ọsirélíà, èkejì ní òun ò rántí nǹkan kan. Ẹni tó jẹ́ pé èmi ni mo máa ń bá a gba iṣẹ́ ọjọ́ Sunday ṣe! Bẹ́ẹ̀, ti ibí yìí ò dà bíi kọ́ọ̀tù ọ̀daràn tí wọ́n ti ń wá ẹ̀rí tí kò ní iyèméjì nínú; èyí tó bá jọ òtítọ́ jù lójú wọn ni wọ́n máa gbà.

Bàbá Àyọ̀ ló ń ṣe bí agbẹjọ́rò NMC nílé, kí n lè fi kọ́ bí màá ṣe dáhùn. Á wọ ẹ̀wù kóòtù, á fi awò sójú: “Sístà, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?” Lọ́yà ní kí n máa dáhùn ohun tí wọ́n bi mí nìkan. O mọ̀ mí. Kí n tó dé ibi aago mẹ́ta, màá ti kọ́kọ́ sọ ohun tá a jẹ lálẹ́. Lánàá, Bàbá Àyọ̀ bi mí lójijì pé ta ló jẹ ẹran tó kù nínú fíríìjì. Ibẹ̀ ni ìjókòó túká.

Èyí tó ṣòro jù ni ìwé àròjinlẹ̀ tí wọ́n ní kí n kọ, ìwé tí èèyàn ti ń ro ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Rántí kúẹ́rì tí Mátírọ́ọ̀nù fún àwa méjèèjì, tí Bàbá Fámásì lọ bá wa dọ̀bálẹ̀ fún un, tí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Níbí, ta ni màá rán? Tí mo bá bẹ̀bẹ̀, mo ti gbà pé mo ṣe é nìyẹn. Tí mo bá yarí, wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Lọ́yà ní mo lè sọ pé mi ò ṣe é, kí n sì ṣàlàyé ewu tó wà fún aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kò bá tètè ké, àti ohun tí mo ń ṣe báyìí. Mo kọ ọ́. Ó ní ó dà bí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Kábíyèsí. Mo tún un kọ, ó ní ó ti wá dà bí ìjà.

Àyọ̀ ti wọ yunifásítì, a ti kó kúrò ní ilé àtijọ́, ìyá ọkọ mi wá, ó ti lọ, a ò jà.

Gbangba ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ẹjọ́ yìí o. Orúkọ mi máa jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, ẹni tó bá wù ú sì lè wá jókòó. O mọ àwọn èèyàn wa. Nígbà tí ti ẹnì kan jáde lọ́jọ́sí, kí a tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́. Èmi náà ń sọ pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́”, mo sì ń sún àga mi mọ́ wọn. Ó ti wá kàn mí.

Àjọkẹ́, mo fẹ́ kí o kọ lẹ́tà ẹ̀rí kan fún mi. Kọ iye ọdún tá a fi jọ ṣiṣẹ́ àti ipò tí o wà báyìí, kí o sì sọ ọ́ kedere pé o mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí. Tí kò bá sí ìyẹn níbẹ̀, kò ní fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Ìdí nìyí tí mo fi ro gbogbo ẹ̀ fún ọ. Jọ̀ọ́, má fi àdúrà sí i, má sì kọ pé mi ò purọ́ rí láyé, wọn ò ní gbà á gbọ́. Kọ nípa òru tí iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀ tí kò ta, tí ìwọ ń fi tọ́ọ̀ṣì tàn fún mi tí mo ń kọ aago gbogbo ìgbà tá a rán Músá lọ jí dókítà. Inú ń bí ọ, o ní ta ló máa ka gbogbo ìkọkúkọ yìí. Kọ ìyẹn náà sí i.

Tí o bá lọ sí Òkè-Àdó, má sọ fún Màmá. Tí wọ́n bá bi ọ́ ìdí tí mi ò fi pè, iṣẹ́ ló pọ̀.

Kó dé ọwọ́ lọ́yà kí oṣù yìí tó tán. Mo fẹ́ sọ pé kí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá ọ tún òyìnbó ẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ó ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìwọ àti gírámà ni yóò jọ wà á kò o.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ rẹ