Kọ́lọ́ọ̀kì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi han àwọn ọmọ

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wá àyè fún lẹ́tà yìí, torí ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí gan-an ni. Àwọn ọmọ wa tó ń fi Arduino, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń kọ kóòdù sí, kọ́ṣẹ́ ti pọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ò tẹ́ mi lọ́rùn: àwọn tó ń kọ́ wọn á ní kí wọ́n lọ wá láíbúrárì, ìyẹn àkójọ kóòdù tó ti wà nílẹ̀, kí wọ́n da kóòdù ẹlòmíì kọ, kí wọ́n so wáyà, tí sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn nǹkan bí ooru, ò bá wá dáhùn wọ́n á ní fáké ni, wọ́n á sọ ọ́ nù, owó òbí ti lọ nìyẹn.

Kọ́lọ́ọ̀kì, ìyẹn àmì tó ń sọ ìgbà tó yẹ kí ẹ̀rọ ka bíìtì kọ̀ọ̀kan, ni wọn ò fi hàn wọ́n. Bíìtì ń gba orí wáyà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, 1 tàbí 0, báwo wá lẹni tó ń gbà á ṣe fẹ́ mọ̀ pé 1 méjì ló kọjá, kì í ṣe ẹyọ kan tó pẹ́? Pẹ̀lú UART, ọ̀nà kan tí ẹ̀rọ méjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà kọ́lọ́ọ̀kì, àwọn méjèèjì á ti fẹnu kò sí iye eré, bíi 9600 bíìtì ní sẹ́kọ́ǹdì kan, kálukú á wá máa fi aago tiẹ̀ kà á, tí aago wọn bá ta kora ju bó ṣe yẹ lọ, wuruwuru lẹ máa rí. Ọ̀nà méjì míì, SPI tí Motorola gbé jáde láwọn ọdún 1980 àti I2C tí Philips ṣe ní 1982, ò ṣe bẹ́ẹ̀ o, wáyà kọ́lọ́ọ̀kì kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó lọ sókè kó bọ̀ nísàlẹ̀, òun ló ń sọ pé ó yá, kà á báyìí.

Ẹ wo SPI lórí Arduino Uno: SCK (kọ́lọ́ọ̀kì) wà ní pin 13, MOSI (ibi tí bíìtì ń gbà jáde) ní 11, MISO (ibi tó ń gbà wọlé) ní 12, SS (èyí tó ń yan sẹ́ńsọ̀) ní 10. Gbogbo ìgbà tí SCK bá ta, bíìtì kan á jáde lọ́dọ̀ ọ̀gá, ìyẹn Arduino, òmíì á wọlé láti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀, tó bá fi máa ta lẹ́ẹ̀mẹjọ wọ́n ti pààrọ̀ odindi báìtì kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé téèyàn bá tiẹ̀ fẹ́ kà lásán, dandan ni kó fi nǹkan ránṣẹ́, kódà kó jẹ́ 0, torí sẹ́ńsọ̀ ò ní kọ́lọ́ọ̀kì tó máa fi ti bíìtì jáde. Ibí yìí gan-an ló máa ń rú àwọn ọmọ lójú. Tí wọ́n bá sì ṣi móòdù (ètò tó ń sọ apá ibi tí wọ́n á ti ka bíìtì nígbà tí kọ́lọ́ọ̀kì bá ta) mú nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà, bíìtì lè yẹ̀ ní àyè kan, 40 á di 80 tàbí 20.

Ní ti I2C, fífa wáyà wálẹ̀ sí 0 nìkan làwọn ẹ̀rọ mọ̀, rẹsísítọ̀ ló ń dá a padà sókè sí 1, tí kò bá sí níbẹ̀, sẹ́ńsọ̀ tó dáa pátápátá á dákẹ́ lọ gbári.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ wọn, ẹ fi láíbúrárì sílẹ̀ ná. Ẹ ra 74HC595 kan, ṣíípù tó ń gba bíìtì lọ́kọ̀ọ̀kan tó sì ń to mẹ́jọ jọ, kò wọ́n, ẹ so LED mẹ́jọ àti rẹsísítọ̀ wọn mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá fi digitalWrite, àṣẹ Arduino tó ń gbé pin sókè tàbí sísàlẹ̀, ta kọ́lọ́ọ̀kì fúnra yín, ẹ̀ẹ̀kan ní sẹ́kọ́ǹdì kan, kẹ́ ẹ ta latch (ẹsẹ̀ ṣíípù tó ń gbé àwọn bíìtì jáde sára LED) tẹ̀lé e, kọ́mọ rí i bí iná ṣe ń sún láti ibì kan sí ìkejì. Ẹ dá a dúró láàárín, ẹ lọ mumi, ẹ padà wá: tí iná ò bá ṣáà ti lọ, bíìtì ṣì wà níbi tẹ́ ẹ fi sí. UART ò lè ṣe ìyẹn láé.

Olóòtú, tẹ́ ẹ bá lè fún wa ní ìdajì ojú ìwé, mo ṣe tán láti ya bí wáyà náà ṣe lọ, kí n kọ kóòdù ẹ̀ sábẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn