Bí a bá lé wọn kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù, ibo ni ká lé wọn sí?

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa tó kẹ́yìn, a nawọ́ sókè lórí ọ̀rọ̀ kan, àwọn tó fara mọ́ ọn sì pọ̀ ju àwa tí a kọ̀ ọ́ lọ. Èmi ni akọ̀wé, ọwọ́ mi náà ni mo fi kọ ìpinnu ọ̀hún sínú ìwé: kí ilé kọ̀ọ̀kan máa dá ₦2,000 lóṣù, ká fi gba ọlọ́dẹ méjì kún àwọn tó ń ṣọ́ wa, kí wọ́n máa lé gbogbo ẹni tó bá ń sùn níwájú ṣọ́ọ̀bù ní agbègbè Gáréèjì Àtijọ́, nílùú Òṣogbo. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ pé kó yá, nítorí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ lóṣù Kẹjọ, àlejò ò gbọdọ̀ bá irú èyí lójú títì. Ojú mi kò rí oorun lóru ọjọ́ náà.

N kò sọ pé ìkà ni àwọn ará àdúgbò mi. Èmi náà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ bó ṣe ń rí kéèyàn dé láàárọ̀ kùtùkùtù kó jẹ́ pé ìgbẹ́ ni yóò kọ́kọ́ fọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá kan tó ń ta oúnjẹ nítòsí wa ti pàdánù oníbàárà nítorí òórùn. Wọ́n gé wáyà jẹnẹrétọ̀ ẹnìkan pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gé e.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìpàdé náà, mo bá ọlọ́dẹ wa rìn lóru, láago mọ́kànlá, kí n lè fojú ara mi rí àwọn tí mo kọ ìpinnu lé lórí. Èèyàn mẹ́rìnlá ni mo kà. Alábàárù ni márùn-ún nínú wọn, àwọn tó ń gbé ẹrù wa lọ́jà lọ́sàn-án. Iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Owó ilé ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú owó àgírímẹ́ǹtì àti owó ajẹ́ńtì, ni ọwọ́ wọn ò tó, àwa onílé la sì ń bu owó náà. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tòun ti ọmọ méjì. Ó ní bí ọkọ òun ṣe kú ni ẹbí ọkọ ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ òun. Ọmọ rẹ̀ àgbà ń ti orí páálí yẹn lọ sílé ìwé. Mo rí yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ tí wọ́n ká sínú ọ̀rá kí ìrì má baà sẹ̀ sí i. Obìnrin yìí kan náà ló nawọ́ sí gọ́tà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa, ó ní ó ti dí, pé tí òjò ńlá bá rọ̀, omi yóò wọlé bá wa. A ti ṣe ìpàdé mẹ́ta lórí omíyalé, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti dí.

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní wèrè. Ó kí mi, “Ẹ kú alẹ́, màmá,” ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà kí n lè kọjá. Oṣù Kìíní 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní Nàìjíríà, tó rọ́pò òfin ọdún 1958. Dókítà ni ọkùnrin yẹn nílò, kì í ṣe kóńdó ọlọ́dẹ.

A ti lé wọn rí, lọ́dún tó kọjá. Abẹ́ bíríjì Ọláìyá ni wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n lé wọn níbẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà Ìgbọ̀nà. Oṣù kan ò pé tí wọ́n fi padà wá. Ta la fẹ́ máa sanwó fún lóṣooṣù kó máa ṣe irú iṣẹ́ yìí?

Láti ọdún 1907 tí rélùwéè ti dé Òṣogbo ni àlejò ti ń sọ̀ sí ìlú yìí láìmọ ẹnikẹ́ni. Bàbá bàbá mi wà lára wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló sùn sí kó tó rí yàrá gbà. Bí wọ́n bá ti lé e ni, n kò ní jẹ́ ọmọ Òròkí lónìí.

Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ nínú àfikún rẹ̀ kẹrin. Ìlà kan náà tó ní kí wọ́n máa bójú tó itẹ́ òkú ló ní kí wọ́n dá ilé sílẹ̀ fún àwọn aláìní àti aláìlera. Ọjà, gáréèjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò náà wà níbẹ̀. A ń san owó ọjà, ìlú ní itẹ́ òkú, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ilé aláìní kan tí ìjọba ìbílẹ̀ dá sílẹ̀ ládùúgbò wa. Mo mọ̀ pé ìjà lórí ẹni tó ni àga alága ìjọba ìbílẹ̀ da iṣẹ́ rú ní Ọ̀ṣun lọ́dún 2025. Ẹni yòówù kó jókòó síbẹ̀, iṣẹ́ yìí ló bá nílẹ̀.

Mo ti kọ lẹ́tà tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Alága ẹgbẹ́ wa ní òun yóò fọwọ́ sí i bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá gbà. Nípa ₦2,000 náà, mo ń bẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kí a kọ́kọ́ ná ti oṣù mẹ́ta sórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà nítòsí wa. Aago méje alẹ́ ni wọ́n ń tì í. Kí a gba ẹni tí yóò máa ṣí i mọ́jú, tí yóò sì máa fọ̀ ọ́, ká wá wò ó bóyá ìgbẹ́ yóò ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Kí àwọn ọlọ́dẹ tí a ní tẹ́lẹ̀ kọ orúkọ àwọn mẹ́rìnlá yìí àti ìlú tí kálukú ti wá sílẹ̀, nítorí àwọn kan nínú wọn ní ẹbí tó ń wá wọn.

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ lẹ́tà yìí jáde kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ tó pé. Bí ẹ bá sì fẹ́ rán akọ̀ròyìn yín wá, kó má wá lọ́sàn-án. Kó wá láago mọ́kànlá òru, màá mú un rìn yí ká.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé kan,
Òṣogbo.