Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Oúnjẹ Ló Kọ́kọ́ Dé, Kì í Ṣe Kúẹ̀rì

Okun o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ kú iṣẹ́ kaṣú, ẹ kú oòrùn.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ míì sílẹ̀ fún búlẹ́tìn ọ̀sẹ̀ yìí, ìdámẹ́wàá ni mo fẹ́ sọ, akọ̀wé ìjọ ti ẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ tán, àmọ́ láti alẹ́ Wednesday ni mi ò ti rí oorun gidi sùn, mo bá ní kó pa á tì. Ọ̀rọ̀ ẹni tí dókítà ní kó sinmi torí ìdààmú iṣẹ́ ni, tí ọ́fíìsì wá fún ní kúẹ̀rì, ìyẹn ìwé pé kó wá ṣàlàyé ìdí tí kò fi wá síṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tọ́rọ̀ kàn mọ ara ẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ kó má wulẹ̀ wádìí, Bíbélì ni ká jọ ṣí.

Ìwé Àwọn Ọba kìíní, orí 19. Èlíjà tó pe iná sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì, tóun nìkan dojú kọ wòlíì Báálì 450, òun la fẹ́ràn láti máa wàásù nípa ẹ̀, a kì í fẹ́ ṣí ewé kejì. Ní ewé kejì, Jésébẹ́lì aya ọba kàn ránṣẹ́ sí i pé òun á pa á ni o, kò tíì fọwọ́ kàn án, ọkùnrin yìí kan náà ki eré mọ́lẹ̀ ó di Bíáṣébà, ó fi ìránṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó dá wọ aginjù lọ ní ìrìn ọjọ́ kan, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní ó tó, kí Olúwa gba ẹ̀mí òun. Kò síbà lára ẹ̀. Kò sí ọgbẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sọ́sibítù, gbogbo tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ lè dára, ẹnì kan á sì wà níta tó máa ní "kí ló ń ṣe é gan-an?"

Áńgẹ́lì wá fọwọ́ kàn án, ó ní dìde, jẹun. Àkàrà orí ẹ̀yín iná àti omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn padà. Áńgẹ́lì ò bá a wí pé ó ń sùn jù, ó tún padà wá, ó tún fún un lóúnjẹ, ó ní torí ọ̀nà náà jìn fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá rin 40 ọjọ́ dé Hórébù, tó sùn nínú ihò, ìgbà yẹn ni ìbéèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: "Kí ni ìwọ ń ṣe níhìn-ín, Èlíjà?"

Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ẹsẹ yẹn, àfi ọ̀sẹ̀ yìí ni mo rí i pé ìbéèrè ọ̀gá sí òṣìṣẹ́ tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ọ̀gá lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè o, mi ò sọ pé kó má bèèrè. Àmọ́ oorun àti oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣáájú ìbéèrè ẹ̀. Tiwa ńkọ́? Kúẹ̀rì ló ń ṣáájú, kó o fèsì láàárín wákàtí 24, oúnjẹ ò dé títí.

Ẹ jẹ́ ká tún wò ó síwájú. Lẹ́ẹ̀mejì ni Ọlọ́run bi í, lẹ́ẹ̀mejì ló fún un lésì kan náà, kò yí ọ̀rọ̀ kan padà: èmi nìkan ṣoṣo ló kù. Bẹ́ẹ̀ ló mọ̀ pé Ọbadáyà fi wòlíì 100 pa mọ́ sínú ihò, orí 18 lẹ ti máa rí i. Irọ́ ló pa ni? Rárá, ọkàn tó ti rẹ̀ kì í mọ ìṣirò. Ẹni tó ti ń dá ọ̀rọ̀ náà rò lóru lórí bẹ́ẹ̀dì ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Ọlọ́run ò pè é ní òpùrọ́, ẹ̀yìn tó ti bá a ṣètò iṣẹ́ tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún un pé 7,000 ló kù.

Torí náà, ẹni tí dókítà bá kọ̀wé fún pé kó lọ sinmi torí ìdààmú iṣẹ́, tí ọ́fíìsì wá ní kó wá jókòó níwájú àwọn kan kó ṣàlàyé ìdí tí kò fi wá síṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti lẹ́tà yẹn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ̀ pé àyà á máa já, àmọ́ lẹ́tà tí ẹ ò bá fèsì sí, àfojúdi ni wọ́n máa kà á sí. Ìlà méjì ti tó: mo rí lẹ́tà yín, ara mi ò tíì yá, ìwé dókítà rèé. Kọ́ọ̀pì ni kẹ́ ẹ fún wọn o, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ bi dókítà bóyá ara yín gbé ìjókòó bẹ́ẹ̀, tó bá ní rárá kó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un síwájú tàbí kí wọ́n ṣe é lórí fóònù, ẹ lè ní kí ẹlòmíì jókòó dípò ọ̀gá tí wàhálà yẹn ti ọwọ́ ẹ̀ wá. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ sínú ìwé kẹ́ ẹ máa kà á, Èlíjà náà sọ tiẹ̀ bí ẹni ń kàwé. Ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì dá lọ! Bíáṣébà tó ti fi ìránṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ ni mo rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ mú ará yúníọ̀nù dání, tàbí ẹlẹgbẹ́ yín kan, kó máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún fún àìsàn, kí owó ẹ̀ má dín, tí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ bá ti jẹ́rìí sí i. Ọjọ́ 12! Ìrìn nìkan gba Èlíjà ní 40. Iṣẹ́ ìjọba ní ìwé òfin tiẹ̀, ilé iṣẹ́ míì sì ń fúnni jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ ka ìwé tí wọ́n fi gbà yín. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà ní ìlú Ọba, tẹ́ ẹ ń ka èyí lórí WhatsApp, tiyín yàtọ̀: ọjọ́ 7 àkọ́kọ́, ẹ lè fúnra yín sọ pé ara yín ò yá, lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n máa bèèrè ìwé ẹ̀rí àìlera tí wọ́n ń pè ní fit note, ìwé yẹn sì lè sọ pé ẹ lè padà tí wọ́n bá dín ẹrù yín kù. Ohun tí Ọlọ́run náà ṣe nìyẹn, ó ní kó lọ fòróró yan Èlíṣà, kó lẹ́ni tí wọ́n á jọ gbé e.

Ó wá ku àwa ará ilé. Dókítà ní kéèyàn má lọ síbi iṣẹ́, kò ní kó má wá síwájú Ọlọ́run. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ń ṣàìsàn lè rẹ́rìn-ín, ó lè jó lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ó lè jẹ́ ijó yẹn nìkan ló rí jó láti oṣù mẹ́ta. Áńgẹ́lì fọwọ́ kan Èlíjà ni, kò yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀. Mi ò sọ pé ẹnì kan ya ẹnì kan o. Mo kàn ń bèèrè ni: ìwọ tó o jókòó sí àga ilé Ọlọ́run tó o gbé fóònù sókè, kí ni ìwọ ń ṣe níhìn-ín? Ta lo fi ránṣẹ́ sí? Èló ni wọ́n fún ọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì pé orí ẹnì kan ti yí, òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Buhari fọwọ́ sí ní January 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe irú wọn ní wèrè. Abuja ti yí ẹnu padà, àwa tá a ń fi "okun", ìyẹn agbára, kí ara wa láàárọ̀ lálẹ́ ò tíì yí.

Èmi náà jẹ̀bi. Ẹnì kan wá bá mi nípa irú ọ̀rọ̀ yìí kó tó le, mo ní kó lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run ní kí Èlíjà jẹun, èmi ní kẹ́ni tí ò rí oúnjẹ jẹ tẹ́lẹ̀ má jẹun. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́. Ó dárí jì mí, ó tún bu omi fún mi mu.

Ẹ̀yin tó rẹ̀, ẹ wá. Ẹ ò ní ṣàlàyé kankan lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó mi á ti gbé nǹkan kaná.

Ìkéde: Ẹ tẹ fóònù pa nínú ìjọsìn, àwọn ọmọ ogun ìgbàlà á máa wò. Kọ́ọ̀rù, ìdánrawò di Friday torí jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ ìjọ lówó àpò kaṣú, ẹ dá àpò padà. Àwọn nọ́ọ̀sì wa á wo ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́yìn ìsìn, ọ̀fẹ́ ni. Bọ́ọ̀sì ìjọ ń lọ sí Lọ́kọ́ja ní Thursday, aago 6 àárọ̀ géérégé, ẹni tó mọ ìdí ló mọ̀ ọ́n, àyè mẹ́rin ló kù.