Àkànní, Ṣéènì Ni Kí O Kọ́kọ́ Wò

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí àwòrán alùpùpù tí o rà. O kú oríire. Ẹsẹ̀ rere ni yóò máa gbé ọ jáde ní Oǹdó, ẹsẹ̀ rere ni yóò sì máa gbé ọ wá kí wa ní Àkúrẹ́. O ní o fẹ́ kun táńkì rẹ̀ ní pupa, kí o sì so iná ọ̀ṣọ́ mọ́ ọn. Kò burú. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta páàtì ọ̀kadà, ọ̀dà àti iná ni ẹ̀yin ọmọkùnrin sì máa ń kọ́kọ́ bèèrè ní ìsọ̀ mi. Ó di ìgbà tí ṣéènì bá já kí ẹ tó rántí rẹ̀.

Pa ẹ́ńjìnnì, yọ ọ́ kúrò nínú jíà, gbé e lé stáńdì ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Fi ìka ti ṣéènì ìsàlẹ̀ sókè ní àárín gbùngbùn. Bíi 20 sí 30 mílímítà ló yẹ kó fi máa mì lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré. Wo ìwé tó bá tìrẹ wá. Fọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn, kí o wọ̀n ọ́n ní ojú ibi púpọ̀, nítorí ṣéènì kì í fà dọ́gba. Ibi tó bá le jù ni kí o fi ṣe òdiwọ̀n. Bó bá dẹ̀ jù, ó lè bọ́ lórí eré kí ó sì há táyà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bó bá le jù, bíárìn ló ń jẹ. Láti fà á, tú nọ́ọ̀tì ńlá ẹ̀yìn díẹ̀, yí nọ́ọ̀tì kékeré tó ń fa ṣéènì ní ọ̀tún àti ní òsì kí àmì méjèèjì bára mu, kí o wá dì í le. Tún bíréèkì ẹ̀yìn dán wò, torí bí táyà bá ti sún, bíréèkì náà ti yí padà nìyẹn. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí o fi fọ ṣéènì, kí o nù ún gbẹ kí o tó ta ọ́ìlì sí i. Mo bẹ̀ ọ́, má fọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: ó ń gé èèyàn níka.

Bí o bá fẹ́ wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kí alùpùpù dúró ṣánṣán. Bó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, irọ́ ni yóò pa fún ọ. Eruku ọyẹ́ ń dí fílítà afẹ́fẹ́. Fi omi ọṣẹ fọ èyí tó jẹ́ fóòmù, ṣùgbọ́n má fọ oníbébà, ńṣe ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ó wá ku ẹwà. Ha táńkì, fọ̀ ọ́, kùn ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kí o tó kun òmíràn. Bèèrè fún kílíà, ọ̀dà aláìláwọ̀ tí wọ́n ń kùn lé ọ̀dà lórí, èyí tí bẹntiróòlù kì í bó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí epo bá kọ́kọ́ dà sí i ni yóò ṣí. Má gé sàlẹ́ńsà, má yọ díńgí. Iná tí o fẹ́ fi sí i, kó ní fíúùsì tirẹ̀. Ní ti akoto, má kùn ún rárá, ọ̀dà mìíràn máa ń sọ ike rẹ̀ di ẹlẹgẹ́.

Mo ti di pọ́lọ́ọ̀gì àti wáyà kílọ́ọ̀ṣì sínú láílọ́ọ̀nù, awakọ̀ ni yóò kó o wá lọ́jọ́ Sátidé. Ya fọ́tò ṣéènì náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó ra ọ̀dà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ