Phentermine kì í ṣe oògùn ọdún

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín lórí àwọn tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ebi pani láti fi fọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ta phentermine, ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, láìsí ìwé dókítà, pàápàá báyìí tí Ojúde Ọba ń sún mọ́lé, tí oníkálùkù fẹ́ kí aṣọ régbérégbé, ìyẹn aṣọ ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, gún lára òun.

Láti 1959 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà, fún ẹni tó sanra débi tó lè fa àìsàn, fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré. Bó ṣe ń lé ebi lọ ló ń mú kí ọkàn máa sáré, ó ń ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì ń lé oorun lójú ẹni. Mélòó nínú àwọn ìyá wa ló mọ iye tí ìfúnpá wọn jẹ́? Aláboyún àti ẹni tó ní àrùn ọkàn kò tilẹ̀ gbọdọ̀ fi kan ẹnu.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni tíì tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé. Nínú irú wọn ni wọ́n ti ń bá sibutramine lókè òkun, oògùn mìíràn tí wọ́n fi ń fọn, tí wọ́n kó kúrò lọ́jà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní 2010 nítorí àrùn ọkàn òjijì àti rọpárọsẹ̀. Ewé ni wọ́n kọ sára páálí o!

Kí NAFDAC yẹ̀ wọ́n wò kí ọdún tó dé. Ẹni tó bá ń lo irú rẹ̀, tí àyà ń dùn ún tàbí tí kò lè mí dáadáa, kó gba ilé ìwòsàn lọ lónìí.

Nọ́ọ̀sì kan,
Ìjẹ̀bú-Òde